Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Àkúrẹ́ ni FUTA wà, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981. Bí ọmọ tó jáde níbẹ̀ bá délé, tó ní òun ò kọ kóòdù mọ́, pé àwòrán lòun fẹ́ máa yà, ariwo á sọ. Wọ́n á ní ó fi iṣẹ́ owó sílẹ̀, ó lọ gbé eré ọmọdé. A ò dá àwọn òbí lẹ́bi. Ẹni tó san owó ilé-ìwé ló mọ bó ṣe rí i san. Ṣùgbọ́n ká tó ní irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, ẹ jẹ́ ká bojú wẹ̀yìn.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè ní nǹkan bí 1875, iṣẹ́ ẹmẹ̀sẹ̀ ló gbé e dé ààfin Arínjálẹ̀: ẹni tí ọba ń rán níṣẹ́. Ẹmẹ̀sẹ̀ yìí náà ló wá di agbẹ́gilére tí àwọn ọba ń wá kiri. Iṣẹ́ rẹ̀ dé ààfin Ògògà ní Ìkẹ́rẹ́, ó dé ti Déjì níbí ní Àkúrẹ́. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ará Èkìtì nìyẹn o. Títí di 1996, ìpínlẹ̀ kan náà ni wá.

Ẹ wo ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún Ògògà. Ọba jókòó, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀, àwọn èèyàn gbé e rù. Ta ló jókòó, ta ló dúró, báwo ni àlejò ṣe ń wọlé? Ohun tí ẹmẹ̀sẹ̀ ń fi ojú rí nìyẹn. Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn Wembley ní London. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà ò tà. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà dípò rẹ̀.

Ká wá gba títì Oǹdó. Níbẹ̀ ni Tọ́lá Wewe fi ṣe ibùgbé, ọmọ agbègbè Òkìtìpupa tí wọ́n bí ní 1959. Òun ò ti ìdí ẹ̀rọ wá. Iṣẹ́ ọnà ló kọ́ ní Ifẹ̀, tó parí ní 1983. Síbẹ̀ kò fò sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gba oyè kejì ní Ìbàdàn ní 1986, ó ṣe ayàwòrán ẹ̀fẹ̀, òun àtàwọn bíi Moyọ̀ Òkédìjí àti Kúnlé Filani dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989. Ọdún 1991 ló tó fi gbogbo ara lé kíkùn àwòrán. Ọdún mẹ́jọ gbáko nìyẹn.

Ohun tí a rí kọ́ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, iṣẹ́ tí èèyàn fi sílẹ̀ kì í ṣòfò. Ẹni tó ti kọ kóòdù mọ̀ pé bí àmì kan bá ṣì, gbogbo rẹ̀ lè dúró. Ojú yẹn náà ló máa fi ya àwòrán tó ń rìn, tó máa fi to bátànì àdìrẹ. Ìkejì, ẹ má fi kóòdù sílẹ̀ lónìí kẹ́ ẹ máa wá oúnjẹ lọ́la.

Ó wá ku àwa tó ń wòran. Ọlọ́wẹ̀ rí ọba tó gbéṣẹ́ fún un. Àwọn ọmọ tòní ńkọ́? Kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àti ti ṣọ́ọ̀ṣì la fi bo gbogbo ògiri pálọ̀ wa. Bá a bá fẹ́ kí wọ́n rí jẹ, ẹ jẹ́ ká fi àyè kan sílẹ̀ lára ògiri yẹn, ká sì sanwó ohun tá a máa gbé kọ́ síbẹ̀.