Ta ló ni hẹlikópítà náà?

Ẹni tó bá mọ Òde Ugbò àti àwọn ìletò etí òkun Ìlàjẹ mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi kì í dá rìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú lágbami nítorí púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo, ibẹ̀ lẹ máa wà títí ẹni tó ní òmíràn lọ́wọ́ yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni hẹlikópítà rí, pàápàá èyí tí àwọn ológun fi ń kó ẹrù wúwo. Bí a bá fẹ́ mọ ìtàn rẹ̀, ká má wo òkè nìkan. Ká bèèrè ẹni tó ń fún un ní epo, páàtì àti awakọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo Chinook. Amẹ́ríkà ló ti wá, ọdún 1961 ló sì kọ́kọ́ fò. Abẹ̀bẹ̀ ńlá méjì ló wà lórí rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Bí ọ̀kan ṣe ń yí sọ́tùn-ún ni èkejì ń yí sósì, nítorí náà kò nílò abẹ̀bẹ̀ kékeré ìdí tí kì í jẹ́ kí hẹlikópítà mìíràn máa pòyì. Lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1982, nígbà ogun Falklands, bàálù ogun Ajẹntínà kọlu Atlantic Conveyor, ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì. Chinook mẹ́ta ṣègbé sínú rẹ̀ pẹ̀lú páàtì àti irinṣẹ́ wọn. Ọ̀kan ṣoṣo tó wà lófuurufú, Bravo November, ló yè. Láìsí páàtì, ó ṣì kó ọmọ ogun 81 lẹ́ẹ̀kan náà. Ìròyìn rẹ̀ kàn káyé, ṣùgbọ́n ọpẹ́lọpẹ́ àwọn mẹkáníìkì tí kò ní ju ọgbọ́n orí wọn lọ.

Ọdún 16 lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún kan náà, àwọn Ìlàjẹ tó lé ní 100 gun Parabe, pèpéle epo rọ̀bì Chevron tó wà ní nǹkan bíi máìlì 9 sínú òkun. Ohun tí wọ́n ń bá jà ni omi iyọ̀ tó ń wọ inú omi mímu wọn àti iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ kò rí. Lọ́jọ́ 28, àwọn ṣójà àti ọlọ́pàá dé. Wọ́n yìnbọn, ènìyàn méjì kú, àwọn mìíràn fara gbọgbẹ́. Hẹlikópítà tó gbé wọn kì í ṣe ti ológun. Ilé iṣẹ́ epo ló háyà rẹ̀.

Larry Bowoto, ọ̀kan lára àwọn tí ìbọn bà, àti àwọn mìíràn gbé ẹjọ́ lọ sí San Francisco lọ́dún 1999. Ilé iṣẹ́ náà ní wọ́n mú àwọn òṣìṣẹ́ òun ní ìgbèkùn. Àwọn olùpẹjọ́ ní àwọn kò gbé ohun ìjà dání. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún 2008, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ dá ilé iṣẹ́ náà láre. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn náà sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2010.

Bí òfin ṣe dáhùn nìyẹn. Ní ti àwa tí à ń kọ ìtàn, ẹ má jẹ́ ká máa kọ “àwọn ṣójà dé” ká sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ṣójà kò níyẹ̀ẹ́. Ẹnì kan ló ni ọkọ̀, ẹnì kan ló wà á, ẹnì kan ló sanwó epo. Ẹ̀yin ọmọ Ugbò tó wà láàárín wa, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé ẹjọ́ yẹn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá àti ìyá yín ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́ lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè Ìlàjẹ tí wọ́n bá fi sọ ọ́.