Oúnjẹ Tó Yẹ Ẹṣin Tó Ń Ṣiṣẹ́ Lágbègbè Lekki

Orúkọ Igbó Ẹfọ̀n, lójú ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́, ń ránni létí ẹran ńlá tó ń jẹ koríko. Ilé àti títì ló gba ilẹ̀ náà báyìí, koríko sì ti di ohun à-ń-wá. Síbẹ̀, ẹṣin ṣì ń ṣiṣẹ́ nítòsí ibẹ̀. Létí òkun Elegushi, àwọn olùgbafẹ́ máa ń sanwó gun ẹṣin. Ní Ìkòyí, ẹgbẹ́ Lagos Polo Club, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹṣin, ti wà láti ọdún 1904. Ohun tí irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ ń jẹ ló máa ń sọ bóyá yóò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tàbí yóò kú lójijì.

Ẹfọ̀n, màlúù àti ewúrẹ́ ń jẹ àpọ̀jẹ. Ẹṣin kì í jẹ ẹ́. Àpòlúkù rẹ̀ kéré, kì í sábà gbà ju lítà 8 sí 15 lọ. Inú ìfun ńlá tó wà lẹ́yìn ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ koríko di agbára fún un. Ẹṣin kì í sì í bì. Ohun tí kò bá bá a lára mu, inú rẹ̀ ni yóò wà, inú rírun sì lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́.

Koríko ni ìpìlẹ̀. Ẹṣin tí ìwọ̀n rẹ̀ tó kílò 300 gbọ́dọ̀ jẹ koríko gbígbẹ tí kò dín ní kílò 4.5 lójúmọ́. Bó bá jẹ́ tútù ni, ó lè lé ní kílò 20, torí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán-tòru, ni kó máa rí i jẹ. Ọkà bàbà tàbí jéró wà fún agbára iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju kílò kan ààbọ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oúnjẹ tuntun gbọ́dọ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 7 sí 14. Ẹlẹ́ṣin tó bá ń da ọkà tí ẹṣin rẹ̀ kò jẹ rí fún un láàárọ̀ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ewu ló ń gùn lọ sójú agbo.

Àpò èèrí ni ọ̀rọ̀ ti sábà máa ń bàjẹ́. Èèrí ọkà àti ti àlìkámà, tí àwọn Hausa ń pè ní dusa, tètè ń kún ikùn, ojú a sì máa wo ẹṣin bí ẹni tó yó. Ṣùgbọ́n phosphorus inú èèrí fi ìlọ́po mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ ju calcium rẹ̀ lọ, nígbà tó jẹ́ pé calcium ló yẹ kó pọ̀ jù fún ẹṣin. Bí kò bá rí i jẹ tó, ara rẹ̀ yóò máa yọ ọ́ láti inú egungun. Ẹṣin á bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, egungun ojú rẹ̀ á wú. Láyé àtijọ́, àwọn òyìnbó so àìsàn yìí mọ́ àwọn tó ń lọ àlìkámà, torí èèrí ni wọ́n fi ń bọ́ ẹṣin tiwọn. Ewé ẹ̀pà àti ewé ẹ̀wà gbígbẹ, tí wọ́n ń pè ní harawa, ní calcium dáadáa, ó sì yẹ kó wà nínú oúnjẹ rẹ̀.

Oúnjẹ adìẹ tún burú ju èèrí lọ. Àwọn kan ní oògùn monensin, tí wọ́n fi ń dènà ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ nínú adìẹ. Kò ṣe adìẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ rẹ̀ ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì sí oògùn tó ń pa oró rẹ̀. Àgbàdo tó ti bu nínú ọ̀rinrin Èkó lè ní májèlé fumonisin, èyí tó ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́.

Ẹṣin tó bá ń làágùn ń pàdánù iyọ̀. Lítà omi 15 tó ń mu nígbà ìsinmi lè di 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, iyọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 30.

Bí wọ́n bá da koríko sílẹ̀ létí òkun, ẹṣin yóò máa gbé iyanrìn mì mọ́ ọn, iyanrìn náà á sì kóra jọ títí yóò fi dí ìfun. Inú ọpọ́n ló yẹ kí oúnjẹ wà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ti rí, kó bu ìgbẹ́ ẹṣin tí kò tíì kan ilẹ̀ sínú ike omi, kó rò ó pọ̀, kó sì fi í sílẹ̀ díẹ̀. Bí iyanrìn bá wà nínú rẹ̀, yóò rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ike. Dókítà ẹran ló kàn nìyẹn.