Ìlú Ńlá àti Ife Líìgì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ìlú tó bá tóbi jù ni yóò máa gba ife líìgì. Ìtàn kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí líìgì Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní 1888, ẹgbẹ́ 12 ló wà nínú rẹ̀; kò sí ọ̀kan láti Lọ́ńdọ̀nù. Preston, ìlú àwọn ahunṣọ, ló gba ife méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ti Harrow Manorway wọ bọ́ọ̀sì kò ní í pẹ́ dé Plumstead, níbi tí Arsenal ti ń gbá bọ́ọ̀lù láyé ọjọ́un. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìrọ̀bọn ìjọba ní Woolwich ló dá a sílẹ̀ ní 1886. Ọ̀nà jìn fún èrò, owó ìwọlé kò tó nǹkan, ni Henry Norris bá kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Highbury ní 1913, lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ará Woolwich ló gbin iṣu, ará Highbury ló jẹ ẹ́! Síbẹ̀, 1931 ni ife líìgì tó kọ́kọ́ wọ Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ta ló ti wá? Herbert Chapman ni, tí wọ́n mú wá ní 1925 láti Huddersfield, ìlú kékeré tó gba ife náà léraléra ní 1924, 1925 àti 1926.

Nílé ńkọ́? Láti 2001 títí di 2025, ẹgbẹ́ Èkó kankan kò gba líìgì Nàìjíríà. Enyimba ti Aba gbà á lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Lójú tèmi, èrò kò wọ́n Èkó. Olówó tó lè dúró ti ẹgbẹ́ pẹ́, tí yóò sì kọ́ pápá tirẹ̀ fún un, ló wọ́n. Ìkẹ́nnẹ́ rí i lọ́dọ̀ Kunle Soname, Remo Stars sì gba ife ní 2025.