Omi Ilẹ̀ Àwórì àti Ẹ̀kọ́ Òkè-Àfá

Omi ni ìtàn àwọn Àwórì fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Ògúnfúnminírè gbé àwo lé orí odò, ó sì ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rì, létí odò Ògùn. Inú ọ̀rọ̀ náà, "àwo rì", ni orúkọ wọn ti jáde. Ọ̀kan nínú ìlú Àwórì ni Ìsọlọ̀. Ẹni tí ó bá ń pọn omi odò mu kì í ṣàìmọ ibi tí odò náà gbé jìn, kì í sì í jẹ́ kí koríko bò ó lójú.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbèrò omi ẹ̀rọ fún Èkó, ọ̀pọ̀ ará Èkó tako owó omi. Ní ọdún 1908, Dókítà John Randle àti Dókítà Orisadipe Obasa dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀, owó omi sì wà lára ohun tí ẹgbẹ́ náà bá ìjọba jà sí. Síbẹ̀, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjú ní ọdún 1910. Lónìí, Àkútè ni a ti ń fa omi odò Ògùn wá sí Ìjú.

Omi ẹ̀rọ mú ìrọ̀rùn wá, ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bí ilé àti ilé-iṣẹ́ ti ń kún Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń kúrò lára omi tí ń ṣàn láàárín wọn. Ní ọdún 1984, koríko àjèjì kan gba ọ̀nà omi Àjàṣẹ́ wọ Àgbádárìgì. Àwọn kan ń pè é ní gbéborùn, nítorí pé ó ń tàn kálẹ̀ bí òfófó. Ó a máa bo omi títí omi yóò fi dà bí pápá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27, oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2002, àdó olóró bú gbàmù ní àgọ́ ọmọ-ogun Ìkẹjà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá nínú òkùnkùn dé Òkè-Àfá ní Ìsọlọ̀. Koríko yìí ti bo ojú omi ibẹ̀. Wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó ṣíwájú rì, àwọn tí ó wà lẹ́yìn sì ń tì wọ́n. Àwọn tí ó kú nínú àjálù náà kò dín ní 1,000, omi ni ó sì gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá obìnrin àti ọmọdé.

Koríko kọ́ ni ó ni ẹ̀bi àkọ́kọ́. Ẹni tí ó kó àdó olóró pamọ́ sáàárín ìlú ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá hàn ni, ọ̀pọ̀ ìbá yà fún un. Koríko náà kò sì ṣàìwúlò: àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń sá a gbẹ, wọ́n ń fi í hun agbọ̀n, ó sì ṣeé sọ di ajílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kó o tà ń la ojú omi pẹ̀lú. Òkúta ìrántí wà ní Òkè-Àfá, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Omi tí a ń tọ́jú ni ìrántí kejì tí a jẹ àwọn òkú wọ̀nyí ní gbèsè. Àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Kí àìbìkítà wa má ṣe sọ ọ́ di ọ̀tá wa.