Bí a ṣe to kóòdù lè mú ojú-ìwé yá, ó sì lè mú un falẹ̀

Tí a bá ṣí ojú-ìwé kan lórí fóònù ní Kétu, tí kò tètè jáde, a máa ń ní réseau ni kò dára. Òótọ́ ni nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ bí ẹni tó ṣe ojú-ìwé náà ṣe to kóòdù rẹ̀ ló fà á. Mẹ́gà tí a fowó rà ló sì ń jẹ.

Kí ni kóòdù?
Àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà ni. Méjì wọ́pọ̀ nínú èdè tí wọ́n fi ń kọ ọ́. PHP ń ṣiṣẹ́ lórí serveur, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú ojú-ìwé. JavaScript ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù ẹni tó ń kàwé. Ọdún 1995 ni àwọn méjèèjì jáde.

Lórí serveur
Tí ẹnì kan bá béèrè ojú-ìwé, PHP á ka fáìlì, á túmọ̀ rẹ̀, á ṣiṣẹ́, á sì gbàgbé gbogbo rẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá dé, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń da gbogbo kóòdù sínú fáìlì kan ṣoṣo. Kò pọn dandan mọ́. Láti PHP 5.5, ní ọdún 2013, OPcache ti ń bá a wá: ó ń tọ́jú ìtumọ̀ náà pa mọ́. Autoload náà wà, tí kì í pe fáìlì àfi tí iṣẹ́ bá kàn án. Ẹ pín kóòdù yín sí kéékèèké, kí ẹlòmíràn lè rí i kà, kó sì lè tún un ṣe.

Ohun tó sábà ń dá serveur dúró ni ìrìn asán. Ẹni tó lọ ra ata lọ́jà, tó padà wálé, tó tún lọ ra iyọ̀, ilẹ̀ á ṣú bá a. Tí ojú-ìwé bá ní ìròyìn 50, tí kóòdù sì lọ béèrè orúkọ òǹkọ̀wé nígbà 50, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ jẹ́ kó béèrè gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Lójú ọ̀nà dé fóònù
Níbí, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹ fojú inú wo ẹnubodè Akaba Idena láyé àtijọ́: ọgbọ̀n èèyàn tí kálukú ru ẹrù kékeré á pẹ́ níbẹ̀ ju ẹni mẹ́ta tó ru ẹrù ńlá lọ. Bẹ́ẹ̀ ni fáìlì JavaScript wẹ́wẹ́. HTTP/2, tó jáde ní 2015, mú kí fáìlì púpọ̀ lè jọ rìn, ṣùgbọ́n ẹrù tí a kò nílò, ẹrù náà ni, a ó san owó rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan
Wikipedia èdè Yorùbá ń lo MediaWiki, tí wọ́n fi PHP kọ. Láti 2011 ni ResourceLoader ti wà nínú rẹ̀. Fáìlì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń kọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó ránṣẹ́ sí wa, á ṣa èyí tí ojú-ìwé nílò, á yọ àlàfo inú rẹ̀, á sì dì wọ́n pọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tó ń kọ́ṣẹ́ yìí, ẹ pín in fún èèyàn, ẹ dì í fún ọ̀nà. Ẹ má sì méfò o: lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ F12, kí ẹ ṣí « Réseau ». Ẹ ó rí fáìlì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wúwo tó àti àkókò tó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù tí kò lágbára dán an wò. Irú rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn ará ilé.