Láti Orí Tẹlifóònù Dé Orí Ìkànnì: Ìtàn Lílo Gíráàfù láti Fi Mọ Ibi tí Agbára Ẹ̀rọ Pin

1.0 Ìfáárà

Ohun tí bébà yìí dá lé lórí ni ìtàn bí àwọn onímọ̀ ṣe ń fi gíráàfù wo ibi tí agbára ẹ̀rọ pin nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Lóde òní, kí ìkànnì kan tó di èyí tí gbogbo ayé ń lò, àwọn tí ó kọ́ ọ máa ń dán an wò. Wọn a mú kí kọ̀ǹpútà ṣe bí ẹni pé òun ni ọgọ́rùn-ún tàbí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí ń wọ ìkànnì náà, wọn a sì ya èsì rẹ̀ sí gíráàfù. Ọ̀pọ̀ gbà pé kọ̀ǹpútà ni ó bí iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Kókó tí bébà yìí fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nǹkan méjì ni ó ń sọ irú gíráàfù bẹ́ẹ̀ di ohun tí ó wúlò: kí ìdánwò tí ó bí i bá ìṣe ènìyàn mu, àti kí ẹni tí ó ní àṣẹ fi ohun tí ó rí níbẹ̀ ṣe ìpinnu.

2.0 Ìpìlẹ̀: Playfair àti Erlang

William Playfair, ọmọ ilẹ̀ Scotland, ni ó sọ lílo ìlà láti fi ìyípadà iye hàn di mímọ̀, nínú ìwé rẹ̀ The Commercial and Political Atlas, ní ọdún 1786. Òwò láàárín orílẹ̀-èdè ni ó fi ṣe àfihàn. Iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó hàn pé ojú tètè ń rí nínú ìlà kan ohun tí ó ṣòro láti rí nínú àtẹ nọ́ńbà.

Bí ó ti wù kí ó rí, Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ará Dẹ́nmáàkì, ni ó yẹ kí a pè ní baba ìmọ̀ yìí. Ní 1908 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti Copenhagen. Ìbéèrè tí ó wà níwájú rẹ̀ ni pé: wáyà mélòó ni ó tó fún ìlú? Bí wáyà bá pọ̀ jù, owó ṣòfò. Bí ó bá kéré jù, ìpè kò ní wọlé. Ní 1909, Erlang fi hàn pé àwọn tí ń pe tẹlifóònù kì í bá ara wọn ṣe àdéhùn. Oníkálukú ń pè nígbà tí ó bá wù ú, síbẹ̀ ìṣirò Poisson lè ṣe àpèjúwe bí ìpè wọn yóò ṣe máa wọlé. Ní 1917, ó gbé ìlànà ìṣirò tí ó fi ń mọ ìdá àwọn tí kò ní rí wáyà lò jáde.

Ìmọ̀ ìdúró-lórí-ìlà tí ó ti inú iṣẹ́ yìí jáde ní gíráàfù kan tí ó ṣe pàtàkì. Bí a bá mú ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí èrò ń tò síwájú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, nígbà tí ọwọ́ ẹ̀rọ náà bá dí dé ìdá 50 nínú 100, àkókò tí ènìyàn yóò lò níbẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 2 àkókò tí iṣẹ́ gan-an gbà. Ní ìdá 90, ó di ìlọ́po 10. Ní ìdá 95, ó di ìlọ́po 20. Ìlà náà á kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, lẹ́yìn náà á tẹ̀, á sì kọrí sókè. Ibi títẹ̀ yẹn ni olùdánwò ń wá. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ìdánwò tí kò bá ti ẹ̀rọ jìnnà kò lè rí ibi tí ìlà ti tẹ̀.

3.0 Ohun tí àròpín ń bò mọ́lẹ̀

Ní 1973, Francis Anscombe gbé àkójọ nọ́ńbà mẹ́rin kalẹ̀. Àròpín wọn kò yàtọ̀ síra: 9 ní apá kan, 7.5 ní apá kejì. Nígbà tí ó yà wọ́n sí gíráàfù, ọ̀kan fọ́n ká sí ẹ̀gbẹ́ ìlà gbọọrọ, ọ̀kan tẹ̀ bí ọrun, nínú méjì yòókù sì ni àmì kan ṣoṣo ti yà kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbára lé àròpín nìkan yóò pè wọ́n ní ohun kan náà.

Ẹ̀kọ́ yìí kan ìkànnì gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2013, Jeffrey Dean àti Luiz Barroso ṣe àlàyé kan tí ó gba àfiyèsí. Ká ní kọ̀ǹpútà kan sábà máa ń dáhùn láàárín ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá, ṣùgbọ́n tí ó ń lò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ lẹ́ẹ̀kan nínú 100. Bí ìbéèrè ẹnì kan bá ní láti gba ọ̀dọ̀ irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ 100 kọjá, ìdá 63 nínú 100 irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni yóò pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ìdí nìyí tí gíráàfù tí ó ń fi àwọn tí ó pẹ́ jù hàn fi ṣe pàtàkì ju èyí tí ó ń fi àròpín hàn lọ.

4.0 Ìgbà ìkànnì

Ní 1998 ni Stefano Mazzocchi ṣe JMeter, irinṣẹ́ tí ó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká fún ìdánwò yìí tí ó sì ń ya gíráàfù. Ní ìlànà tí ó wọ́pọ̀ nínú irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀, olùbéèrè àfarawé kan kì í béèrè òmíràn títí tí ìdáhùn àkọ́kọ́ yóò fi dé. Ibí ni ìṣòro wà. Nígbà tí ìkànnì bá dákú, olùdánwò pẹ̀lú á dúró, kò sì ní ka àwọn tí ì bá ti dé láàárín àkókò náà. Gil Tene ni ó pe àfiyèsí àwọn ẹnjiníà sí àṣìṣe yìí. Gíráàfù tí ó ti inú rẹ̀ jáde á rẹwà, ṣùgbọ́n kò sọ òótọ́. Bí a bá wò ó dáadáa, ohun tí Erlang ti mọ̀ ní 1909 ni irinṣẹ́ tuntun gbójú fò: ará ìlú kì í dúró de ẹ̀rọ kí wọ́n tó dé.

5.0 Àpẹẹrẹ: HealthCare.gov

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov, níbi tí àwọn ènìyàn ìpínlẹ̀ 36 yóò ti ra ìdójútòfò ìlera. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Todd Park, òṣìṣẹ́ ìjọba, 50,000 sí 60,000 ni èrò tí wọ́n ń retí lẹ́ẹ̀kan náà. Iye tí ó dé tó 250,000. Àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé ènìyàn 6 péré ni ó forúkọ sílẹ̀ tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìwé ìròyìn Washington Post sì ròyìn pé ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, ìkànnì náà ti ṣubú nínú ìdánwò tí ó jẹ́ ti ọgọ́rùn-ún mélòó kan ènìyàn. Èyí já sí pé èsì ìdánwò kò fara sin. Ìpinnu ni kò tẹ̀lé e. Ní 2016, àyẹ̀wò ọ́fíìsì alábòójútó ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba náà sọ pé àìsí olórí tí ó ṣe kedere wà lára ohun tí ó fa ìkùnà.

Nígbà tí àwọn olùgbàlà dé, gẹ́gẹ́ bí Steven Brill ti kọ ní 2014, wọ́n bá a pé kò sí pátákó kan tí ó ń fi bí ìkànnì náà ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, wọ́n sì tètè ṣe ọ̀kan. Ìròyìn ìjọba ti oṣù kejìlá ọdún 2013 sọ pé àkókò ìdáhùn ti wá sílẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá 8 sí èyí tí kò pé 1, àti pé ìkànnì náà lè gba ènìyàn 50,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

6.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí a yẹ̀ wò yìí fi hàn pé gíráàfù kì í ṣe ọ̀ṣọ́ ìparí iṣẹ́. Láti ìgbà Erlang ni a ti mọ̀ pé èrò ń dé láìdúró de ẹ̀rọ, àti pé ìlà kì í kìlọ̀ púpọ̀ kí ó tó tẹ̀. Ìdánwò tí kò bá ka àwọn tí ń dé nígbà tí ẹ̀rọ ti dákú yóò ya ìlà tí kì í ṣe òótọ́; ìdánwò tí ó sọ òótọ́, tí àwọn aláṣẹ kò sì tẹ̀ lé, kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò ṣe. Ní HealthCare.gov, ẹni tí ó san gbèsè ìyàtọ̀ yìí ni aláìsàn tí ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kò dá a lóhùn.