Orúkọ Wo Ni Ká Fún Ohun Tó Wà Nínú Pupa Ẹyin?

Ní ọdún 1893, Felix Klemperer ní ilẹ̀ Jámánì gún àgbébọ̀ adìyẹ lábẹ́rẹ́ àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, ó sì rí i pé pupa ẹyin wọn lè gba èkúté lọ́wọ́ àrùn náà. Títí dòní, ọ̀nà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Wọ́n á pa kòkòrò àrùn kan, wọ́n á gún un sí ẹran àyà adìyẹ, wọ́n á tún un gún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Adìyẹ ń jẹ, ó ń mu, ó ń yé. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀: inú ẹ̀jẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ara rẹ̀ ti dá kòkòrò yẹn mọ̀, ó ń pèsè èròjà tí yóò kò ó lójú, ó sì ń kó lára èròjà náà sínú pupa ẹyin láti fi dáàbò bo òròmọdìyẹ tí kò tíì ní agbára tirẹ̀. Pupa ẹyin kan ṣoṣo lè gba miligíráàmù 50 sí 100 èròjà yìí.

Báwo la ó ṣe sọ èyí fún olùsìn adìyẹ tàbí nọ́ọ̀sì láì dà á rú? Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu ni àjẹsára. Ọ̀rọ̀ àwọn baba wa ni. Oògùn tí wọ́n ń jẹ kó lè máa gbé inú ara ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, a sì fi sọ abẹ́rẹ́ òyìnbó lórúkọ nígbà tó dé. Ẹyin yìí là ń jẹ ní tòótọ́, síbẹ̀ orúkọ yẹn kò tọ́ sí i. Adìyẹ ló gba àjẹsára. Ẹni tó jẹ ẹyin rẹ̀ kàn yá ààbò lò ni. Ara rẹ̀ kò kọ́ ohunkóhun, tí èròjà náà bá sì ti gba inú rẹ̀ kọjá, ó tán nìyẹn. Ààbò àyálò ni mo fẹ́ ká máa pè é. Àwọn onímọ̀ èdè ti ń sọ ọ̀rọ̀ àyálò tipẹ́, etí wa ti mọ̀ ọ́n. Orúkọ yìí bá ohun tí ìkókó ń rí gbà nínú omi ọmú àkọ́kọ́ mu pẹ̀lú.

Èròjà náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan ń pè é ní ọmọ ogun ara. Mi ò fara mọ́ ọn, nítorí ọmọ ogun lẹ́mìí, a sì ti fi orúkọ yẹn fún sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀. Purotéènì tí kò lẹ́mìí ni èyí. Apakòkòrò tí àwọn mìíràn lè pè é burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pípa kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Bakitéríà E. coli tó ń mú un yàgbẹ́ gbuuru ní irun tín-ín-tìn-ìn-tín lára, òun ló fi ń di ògiri ìfun mú. Bí pupa ẹyin adìyẹ tó ti mọ E. coli yẹn bá wà nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, èròjà inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irun náà, bakitéríà ò ní rí ìfun dì mú mọ́, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ohun tó ń ṣe gan-an ni kó lẹ̀ mọ́ kòkòrò, nítorí náà alẹ̀mọ́kòkòrò ni mo yàn. Ó gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán náà gùn kó tó mọ́ wa lẹ́nu. Ká sì máa dárúkọ kòkòrò tó mọ̀ tẹ̀ lé e, torí alẹ̀mọ́kòkòrò tó mọ E. coli kò mọ kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ.

Níbi tí iṣẹ́ ti bọ́ sí ọwọ́, èdè ò wọ́n wa rárá. Wọ́n á fọ́ ẹyin, wọ́n á ya pupa kúrò lára funfun, wọ́n á máa yí i lórí bébà tó ń fa omi títí funfun tó kù lára rẹ̀ á fi tán. Wọ́n á wá dá awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó lu kí pupa lè ṣàn jáde. Wọ́n á bu omi tútù tó kan díẹ̀ lé e, bí ìlọ́po mẹ́wàá, wọ́n á gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì. Ọ̀rá á rogún sísàlẹ̀, omi á tòrò. Ìyá tó ń ta ògì ti ń lo rogún, tòrò àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti kékeré. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé omi òkè ni wọ́n ń wá níhìn-ín, inú rẹ̀ ni alẹ̀mọ́kòkòrò wà. Mi ò rí ìdí tí akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò fi wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ sókè òkun.

Èèyàn máa ń lo nǹkan bí orúkọ rẹ̀ bá ṣe ń dún létí. Ní àsìkò tí oògùn kò ran ọ̀pọ̀ kòkòrò mọ́ yìí, bí a bá pè é ní ẹyin apakòkòrò, ẹlòmíì á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ẹyin tútù mu láàárọ̀. Ẹyin tútù lè gbé bakitéríà Salmonella wọ inú èèyàn, bí a bá sì sè é, iná á ba alẹ̀mọ́kòkòrò jẹ́. Orúkọ kò sì gbọ́dọ̀ ṣèlérí ìwòsàn. Ní Uppsala, lórílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n fún àwọn aláìsàn tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ líle ń dí ẹ̀dọ̀fóró wọn látìgbà tí wọ́n ti bí wọn ní omi pupa ẹyin láti fi fọ ọ̀nà ọ̀fun lálẹ́, kí bakitéríà Pseudomonas má baà ráyè. Ìrètí pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ní Yúróòpù kò fi hàn pé ó sàn ju èyí tí kò ní alẹ̀mọ́kòkòrò tó mọ Pseudomonas nínú.

Àmì IgY tí àwọn olùwádìí Leslie àti Clem dá sílẹ̀ fún alẹ̀mọ́kòkòrò inú ẹyin ní 1969, ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, bí a ṣe fi DNA sílẹ̀. Ìyókù, a lágbára rẹ̀. Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí tí Babs Fafunwa ṣe olórí rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jáde: ẹ má fo àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Àwọn olùwádìí ń fi pupa ẹyin dojú kọ Streptococcus mutans tó ń ba eyín jẹ́. Ẹyin fún eyín nìyẹn, bí a bá sì kọ ọ́ sára ike láìfi àmì sí i, òǹkàwé ò ní mọ èyí tó jẹ́ ti adìyẹ àti èyí tó wà lẹ́nu òun.